Àwọn Tó Sọ Òṣèlú Di Ẹ̀kọ́

Ẹni tó bá béèrè ibi tí ìjọba wà ní ìlú Ara, ìdáhùn tí yóò gbọ́ kò ní jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń wá, Awo ni wọn yóò júwe fún un, nítorí ibẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́. Bó bá jẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, kó kọjú sí Òṣogbo. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé e wá, tàbí aáwọ̀ ìdílé, tàbí gọ́tà tó ń ya wọlé onílé, wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ yà sí ààfin ọba ná, kó sì wá akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí. Gbogbo wọn ló ń ṣe ìjọba lọ́nà tiwọn, ará ìlú sì mọ ohun tó lè rí gbà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú ní Ara àti ní agbègbè Ẹdẹ yìí gba àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ogún ọdún kí wọ́n tó rí i kọ sílẹ̀ bó ti yẹ.

Kì í ṣe pé Yorùbá kì í ronú nípa ìṣèlú kí fásitì tó dé. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, agbára Aláàfin ní ibi tó mọ. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ń ṣọ́ ọ, Baṣọ̀run sì lè jẹ́ iṣẹ́ tó burú jù fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́. Àlùfáà Samuel Johnson kọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tó ti kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Nathaniel Fadipe, ọmọ Ẹ̀gbá, lọ sí London School of Economics, tó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1939 lórí ìgbé ayé Yorùbá: ìdílé, ọjà, oyè àti ìjọba. Fadipe kú ní London lọ́dún 1944, kò rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé títẹ̀. Ọdún 1970 ni Fásitì Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá kà á yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àlejò padà wá ń pè ní àwárí ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Nílẹ̀ òkèèrè, ọmọdé ni ẹ̀kọ́ yìí náà nígbà yẹn. Inú òfin àti ìtàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Fásitì Columbia ní New York dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú sílẹ̀ lọ́dún 1880, London School of Economics bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1895, àwọn ará Amẹ́ríkà sì dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1903. Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì fásitì ní Ìbàdàn lọ́dún 1948, ìmọ̀ ìṣèlú kọ́ ni wọ́n fi ṣáájú. Èyí kò yani lẹ́nu. Ìjọba amúnisìn wo ni yóò kánjú kọ́ àwọn tó ń jọba lé lórí bí a ṣe ń tú ìjọba palẹ̀ wò?

Òmìnira tó ń bọ̀ ló mú kí àwọn olùwádìí máa ya wọ Nàìjíríà. James Coleman láti Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí ìpìlẹ̀ ìjàgbara wa, ó jáde lọ́dún 1958. Richard Sklar, Amẹ́ríkà mìíràn, rin ìlú dé ìlú ní ìparí ọdún mẹ́wàá yẹn, ó ń bi àwọn olóṣèlú léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ẹni tó ń náwó fún ẹgbẹ́ wọn. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Nàìjíríà jáde lọ́dún 1963, títí di òní kò sí ẹni tó ń kọ̀wé lórí NCNC tàbí Action Group tí kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1963 kan náà ni ìwé Kenneth Post, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn, jáde lórí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1959, níbi tí wọ́n ti du àga 312 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. John Mackintosh, ará Scotland, kọ́ni ní Ìbàdàn láti 1961 sí 1963, ó kọ ìwé tirẹ̀ lórí ìjọba Nàìjíríà, ó padà sílé, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú wọn lọ́dún 1966.

Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, àléébù kan wà lára rẹ̀: ẹgbẹ́ òṣèlú, ìwé òfin àti ìbò ló gbà wọ́n lọ́kàn jù, àwọn nǹkan tó jọ ti ìlú wọn. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń kà lórí ìka wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ di èèwọ̀, ìbò di ìtàn.

Nínú iṣẹ́ ìgbà náà, èyí tó wọ ìlú jinlẹ̀ jù ni èyí tí Post àti George Jenkins jọ ṣe lórí Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn, tó jáde lọ́dún 1973. Wọn kò kọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìbò. Adélabú ni wọ́n tẹ̀ lé: ọ̀gá ọ̀rọ̀ tí àwọn aráàlú fi Pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì pè, tí àwọn mẹ̀kúnnù ń wọ́ tẹ̀ lé, tó ń gbówó níhìn-ín, tó ń náwó lọ́hùn-ún, títí tí jàǹbá ọkọ̀ fi pa á ní ojú ọ̀nà Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 1958, tí rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn mọ bí òṣèlú ṣe ń rí ní agbo ilé.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà tó yí ojú ẹ̀rọ awòrán náà padà sọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn. E. U. Essien-Udom lọ sí Fásitì Chicago, kàkà kó sì kọ̀wé nípa abúlé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń retí lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà, àwọn Mùsùlùmí dúdú tó ń tẹ̀ lé Elijah Muhammad ló lọ bá jókòó. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1962, ó sì wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tó ṣàlàyé àwọn ènìyàn náà láìfi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó padà wá sí Ìbàdàn, ó di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú, kó tó di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Fásitì Maiduguri. Òun ló gba Malcolm X lálejò nígbà tí ìyẹn dé Ìbàdàn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1964 tó sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn Trenchard. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí fásitì sọ àlejò wọn ní orúkọ Yorùbá: Ọmọwálé. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ṣì ń pe ọkùnrin náà ní oníjàgídíjàgan ni wọ́n ń kí i káàbọ̀ sílé.

Billy Dudley ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìtàn dídùn. Ó kọ ìwé kan lórí òṣèlú Àríwá lọ́dún 1968, ó tún kọ èyí tó le jù lọ́dún 1973, níbi tó ti mú ìṣirò àwọn tó ń ṣe ìwádìí eré àti ìdíje wá fi ṣàlàyé ìdí tí òṣèlú Nàìjíríà fi ń fọ́ mọ́ àwọn tó ń ṣe é lórí. Èrò rẹ̀ ni pé bí gbogbo olóṣèlú bá gbà pé ẹni tó bá pàdánù ti pàdánù pátápátá, kò sí ìwé òfin tó lè mú wọn jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá rántí Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1965, tí ilé ń jó tí ọkọ̀ ń jó, kò ní bá a jiyàn. Nígbà tí ìjọba ológun yan àwọn tí yóò kọ ìwé òfin tuntun lọ́dún 1975, Dudley wà lára wọn. Àádọ́ta ni wọ́n pè, Awólọ́wọ̀ ní òun kò bá wọn dá sí i, ni wọ́n bá ku 49. Ibẹ̀ ni òfin pé kí ipò ìjọba àpapọ̀ kárí gbogbo ẹ̀yà ti wọ inú ìwé òfin 1979.

Peter Ekeh ni ọ̀rọ̀ yìí ń tẹ̀ síwájú bọ̀ wá bá. Ọmọ Urhobo ni, Okpara ni ìlú rẹ̀. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley ní California, ó sì padà wá kọ́ni ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ló kọ́, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣèlú gan-an, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi mọ́ ju ti àwọn tó kù lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1975, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan tí kò tó ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jáde. Àpilẹ̀kọ náà ti rìn jìnnà ju ọ̀pọ̀ ìwé ńlá lọ.

Ohun tó sọ ni pé nílẹ̀ Yúróòpù, agbo ìlú ẹyọ kan ni ènìyàn ń gbé: ìwà tó ń hù nílé náà ló ń hù lọ́fíìsì. Nílẹ̀ tí òyìnbó ti jọba, agbo di méjì. Agbo kan jẹ́ ti ìran, ti ìlú àti ti ẹ̀yà. Ènìyàn gbà pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó ń fún un lówó, ojú sì máa ń tì í láti jí nǹkan rẹ̀. Agbo kejì jẹ́ ti ìjọba, tí òyìnbó gbé wá. Kò sí ẹni tó rò pé òun jẹ ẹ́ ní ohunkóhun. Ẹnì kan náà ló sì ń rìn nínú agbo méjèèjì lójúmọ́ kan náà. Ó lè kó owó nínú ti ìjọba wá fi tún ti ìlú ṣe, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fi oyè dá a lọ́lá.

Kò sí ibi tó dára láti wo ọ̀rọ̀ Ekeh ju ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ, irú èyí tí wọ́n ń ṣe káàkiri àwọn ìlú Ọ̀ṣun nígbà Àjíǹde tàbí Iléyá, nígbà tí àwọn ti Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Àbíjàn bá wálé. Akápò á dìde pẹ̀lú ìwé ńlá, á máa pe orúkọ ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti san owó tí wọ́n dá á dáhùn sókè. Ẹni tí kò tíì san á tẹjú mọ́lẹ̀, tàbí kó ní kí wọ́n fún òun di oṣù tó ń bọ̀, àwọn àgbààgbà á sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi máa ta á. Ẹlòmíràn á san ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókèèrè kí orúkọ ilé wọn má baà bàjẹ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìlú ṣe kọ́ gbọ̀ngàn, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kí ìjọba tó rántí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó san owó yẹn láìfọhùn lè jẹ́ ọ̀gá lọ́fíìsì ìjọba, níbi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí à ń làágùn sí.

Wọ́n ti ta ko Ekeh o. Eghosa Osaghae, tó kẹ́kọ̀ọ́ tó sì kọ́ni ní Ìbàdàn yìí kan náà, padà tú èrò náà yẹ̀ wò lọ́dún 2006. Akápò ẹgbẹ́ ìlú náà máa ń kówó jẹ, kì í ṣe ìjọba nìkan ni wọ́n ń jà lólè. Ààlà agbo méjèèjì pàápàá kò gún. Kánsẹ́lọ̀ lè jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, owó tí ọba ń gbà lóṣooṣù sì ń ti inú àpò ìjọba ìbílẹ̀ wá. Ìwé Olufemi Vaughan lórí àwọn ọba àti ìjòyè, tó jáde lọ́dún 2000, fi hàn pé láti ayé òyìnbó ni ìjọba ti ń fa ọba, tí ọba náà sì ń fa ìjọba. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ta ko Ekeh tó, òun ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kú lọ́dún 2020, lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Buffalo, tó sì dá ẹgbẹ́ ìtàn Urhobo sílẹ̀. Onímọ̀ agbo méjì kò fi agbo tirẹ̀ sílẹ̀.

Claude Ake ní tirẹ̀ bínú sí ẹ̀kọ́ náà látòkè délẹ̀. Ọmọ Omoku ni, Ìbàdàn àti Columbia ló ti kàwé. Ìwé rẹ̀ tí ilé ìtẹ̀wé Fásitì Ìbàdàn gbé jáde lọ́dún 1979 sọ gbangba pé ìmọ̀ àwùjọ tí Amẹ́ríkà ń tà fún Áfíríkà jẹ́ ọ̀nà mìíràn láti jọba lé wa lórí. Kò dúró sí orí ìwé. Nígbà tí ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995, Ake yọwọ́ nínú ìwádìí àyíká Niger Delta tí owó Shell wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ọkọ̀ òfuurufú ADC tó ń gbé e bọ̀ láti Port Harcourt já lulẹ̀ nítòsí Ẹ̀pẹ́.

Ní Ifẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Bí a ṣe ń ṣàkóso ìlú ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn. Adébáyọ̀ Adédèjì darí ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tó wà níbẹ̀ kó tó lọ di kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ àti ọ̀gá àjọ ọrọ̀ ajé Áfíríkà ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé. Ládípọ̀ Adámólékùn kọ àwọn ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso ìlú ń kà títí di òní.

Ifẹ̀ náà ni David Laitin láti Amẹ́ríkà wá jókòó sí láàárín 1979 àti 1980. Ohun tó ń rú u lójú ni pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ dọ́gba ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjà lórí òfin Sharia fẹ́ tú ìpàdé tó ń ṣe ìwé òfin ká ní 1977 sí 1978, kí ló dé tí Yorùbá kò fi pín sí méjì? Ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ wáàsù, ó gbọ́ ìwàásù. Ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé ọdún 1986 ni pé ìlú baba ẹni ló ń darí òṣèlú Yorùbá, kì í ṣe ẹ̀sìn, àti pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìdí ìlú àti ọba múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ọwọ́ ọba ṣàkóso. Apá àkọ́kọ́ ìdáhùn yẹn dára. Apá kejì fún òyìnbó ní ògo jù. Ogun tí Yorùbá jà ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí Gẹ̀ẹ́sì tó gorí wọn, ìlú sí ìlú ni wọ́n jà á.

Bó bá rìn dé Ẹdẹ ni, ẹ̀rí ì bá tún pọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Tìmì Àbíbù Lágúnjú, tó jọba níbẹ̀ kí ọ̀rúndún 19 tó parí, wà lára àwọn ọba Yorùbá tó kọ́kọ́ jẹ́ Mùsùlùmí. John Adétòyèsè Láoyè, tó jẹ́ Tìmì láti 1946 sí 1975, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì ń kọ̀wé lórí ìlù tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn ìgbà náà kà sí ti abọ̀rìṣà. Mùsùlùmí ló gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún Ṣàngó kò parẹ́ nítorí ọ̀kankan nínú wọn. Lọ́dún 2017, Insa Nolte ti Fásitì Birmingham, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones ṣe olóòtú ìwé kan tó jẹ́ ti Ẹdẹ nìkan. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ará Ẹdẹ kò kàn ń fara da ara wọn. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń sin òkú pọ̀, wọ́n ń bá ara wọn díje, ìjà sì máa ń wà pẹ̀lú.

Ìjọba kò jẹ́ kí àwọn onímọ̀ yìí wà ní kíláàsì pẹ́. Bọ́lájí Akínyẹmí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1975 láti lọ darí ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Èkó, ó sì di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti 1985 sí 1987. Ìgbà tirẹ̀ ni ètò tó ń kó dókítà àti tíṣà Nàìjíríà lọ ran àwọn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdìbò ni wọ́n tún gbé lé wọn lọ́wọ́ jù. Eme Awa, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣèlú, ni Babangida kọ́kọ́ fi ṣe alága àjọ elétò ìdìbò. Lọ́dún 1989, Humphrey Nwosu láti Nsukka, akẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan náà, gba ipò náà.

Nwosu ló mú ìtòlẹ́yìn wá. Kò sí ìwé ìbò, kò sí àpótí. Wọ́n á gbé àwòrán olùdíje dúró, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ àjọ á sì kà wọ́n sókè lójú gbogbo ènìyàn. Ojúṣàájú àti jíjí àpótí gbé tó ba ìdìbò 1983 jẹ́ ló fẹ́ fi èyí dí lọ́nà. Ó dí i lọ́nà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá tò sẹ́yìn ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò fẹ́, gbogbo àdúgbò ti rí i kó tó délé. Báyìí ni Ìsíákà Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ṣe wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, tó di gómìnà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìpínlẹ̀ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993 wáyé. Nwosu ń kéde èsì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ 23, ìjọba fagi lé e. Ọdún 2008 ni Nwosu tó la ẹnu sọ ti inú rẹ̀ nínú ìwé. Lẹ́yìn tó kú lọ́dún 2024, àwọn sẹ́nétọ̀ jiyàn bóyá kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé àjọ elétò ìdìbò tàbí kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Attahiru Jega, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣèlú láti Kano, darí àjọ náà láti 2010 sí 2015. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, níbi tí wọ́n ti ń ka èsì ìdìbò, olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Godsday Orubebe gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ayé. Jega jókòó, ó gbọ́ ọ tán, ó sì fèsì bí olùkọ́ tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ aláriwo lóhùn. Ohun mìíràn tó fi sílẹ̀ ni pé láti ọdún 2011, àwọn ọ̀gá fásitì ló ń kó èsì jọ tí wọ́n sì ń kéde rẹ̀, torí èrò ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n yóò bẹ̀rù orúkọ ara rẹ̀ ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí Adémọ́lá Adélékè, àbúrò Ìsíákà, gba ipò gómìnà Ọ̀ṣun pẹ̀lú ìbò 403,371, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwatóyìn Ògúndípẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Fásitì Èkó nígbà náà, ló ka èsì náà sókè ní Òṣogbo. Ìmọ̀ ewéko ni iṣẹ́ rẹ̀.